Èéfín Ni Igi Tí Kò Jóná: Ohun Tí Ìdáná Ìta Kọ́ Mi ní Abẹ́òkúta

Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Keje, à ń dáná ìsìnkú ní Ìtọ́kò. Òjò ti rọ̀ láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì mọ́jú. Igi tí wọ́n já sílẹ̀ fún wa tutù débi pé bí ẹ bá fi èékánná ha èèpo rẹ̀, omi á yọ. Aago márùn-ún ìdájí la ti wà níbẹ̀: ìkòkò ìrẹsì mẹ́ta, ìkòkò ẹran méjì, ọ̀kan fún omi láfún, àti agbada tí a fẹ́ fi dín ẹja. Iná kọ̀, kò ràn. A da kẹrosíìnì sí i, ó gbiná fòò, ó tún kú. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọ̀rá omi bọ abẹ́ igi. Ọ̀kan nínú wọn rí àjákù táyà lẹ́yìn ilé, ó jù ú sínú iná. Mo rí i, mi ò bá a wí. Àlejò tó ń bọ̀ láago méjìlá ni mo ń rò.

Táyà yẹn ló ba ọjọ́ náà jẹ́. Èéfín dúdú gba gbogbo agboolé, ó fo ògiri lọ sí ilé kejì. Kò pẹ́, obìnrin kan jáde, ó gbé ọmọ bí ọdún mẹ́rin kọ́ èjìká. Ọmọ náà ń mí hẹ̀ẹ̀hẹ̀ẹ̀, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Obìnrin náà kò pariwo, kò bú mi. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ní ikọ́ fée." Ó yà lọ sójú títì, ó ń wá ọ̀kadà tí yóò gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn.

Ara ọmọ náà yá. Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ kejì, mo sì tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n àyà ọmọ yẹn kò kúrò lójú mi. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń se àsè nígbà náà, n kò sì bi ara mi léèrè rí pé ọ̀dọ̀ ta ni èéfín mi ń lọ.

Láti ilé wọn, ọ̀dọ̀ màmá mi ní Kémta ni mo gbà lọ. Àwọn náà ti se oúnjẹ tà nígbà tí ara ṣì gbé e, láfún pẹ̀lú ewédú, nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Láfẹ́nwá. Mo ń ráhùn igi tutù fún wọn, mo ní ìlọ́po méjì iye tí mo máa ń ná sórí igi ni mo ná. Wọ́n ń ṣa ewédú lọ́wọ́, wọn kò gbójú sókè. Wọ́n ní, "Èéfín tó ń jáde yẹn, igi tí o fowó rà ni. Kò jóná ni."

Mo rò pé òwe ni. Kì í ṣe òwe. Bí igi bá gbóná, ó máa ń tú afẹ́fẹ́ àti oje jáde láti inú ara rẹ̀. Bí ooru ibẹ̀ bá tó, tí afẹ́fẹ́ ìta sì rí àyè wọlé, ohun tó tú jáde yẹn á gbiná, òun gan-an ni ọwọ́ iná tí a ń rí. Bí ooru kò bá tó, tàbí tí a di igi pọ̀ jù tí a sé afẹ́fẹ́ mọ́ ọn, á fò lọ láìjóná, á di èéfín. Èyí tó bá bá ìkòkò pàdé á lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, á di dúdú tí à ń fi kànrìnkàn irin bó títí ọwọ́ á fi bó. Igi tutù ló burú jù, nítorí pé igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi inú rẹ̀ lè tó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Iná ní láti kọ́kọ́ fa omi yẹn gbẹ kó tó lè ṣe ohun tí a tìtorí rẹ̀ dá a. Bí ẹ bá rí i tí omi ń hó pùtùpùtù ní ìdí igi lẹ́nu ààrò, igi lẹ ń sè yẹn, kì í ṣe ìrẹsì.

Láti ọjọ́ náà, èéfín ni mo ń wò, mi ò wo ọwọ́ iná mọ́. Ibi tó bá ti ń rú, nǹkan kan ń ṣòfò níbẹ̀: owó mi ni, igi inú igbó ni, èémí ẹlòmíràn sì ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn ni èéfín ìdáná inú ilé ṣokùnfà ikú wọn káàkiri ayé. Ti ìta sàn díẹ̀ nítorí pé afẹ́fẹ́ ń tú u ká. Ṣùgbọ́n alásè tó dúró ti ìkòkò fún wákàtí mẹ́jọ, imú tirẹ̀ ni èéfín kọ́kọ́ ń gbà kọjá kó tó tú ká.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo ti ń ra igi òjò báyìí. Bí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, mo máa ń lọ bá bàbá onígi mi ní Láfẹ́nwá, mo máa san owó sílẹ̀. Mo ti bá wọn ṣe àdéhùn: ẹ̀ka tí àwọn olóko gé lára kaṣú, máńgòrò tàbí gmelina ni kí wọ́n kó fún mi, kì í ṣe igi tí wọ́n bẹ́ láti ìdí. Ẹ̀ka tí a gé á tún yọ. Igi tí a bẹ́ láti ìdí, nǹkan míì ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí a bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìbàdàn, mo máa ń na ọrùn lójú fèrèsé bí a bá ti ń sún mọ́ Olókeméjì, igbó tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti ọdún 1899, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń tutù yàtọ̀. Inú mi kì í dùn bí mo bá ronú pé ara ohun tó lè sọ irú igbó bẹ́ẹ̀ di pápá ni igi tí à ń fi se ìrẹsì ọjọ́ kan.

Bí mo ṣe ń mọ igi gbígbẹ rèé. Mo máa mú méjì, mo máa fi ọ̀kan kan èkejì. Bó bá dún kó, bí ìgbà tí a fi ọwọ́ kan pákó gbígbẹ, ó ti gbẹ nìyẹn. Bó bá dún bù, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ojú ibi tí wọ́n gé e máa ń sán bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀ lásìkò ọyẹ́, èèpo rẹ̀ á sì fẹ́ máa ṣí fúnra rẹ̀. Orí bùlọ́ọ̀kù ni mo ń to igi sí, kó má fara kan ilẹ̀. Mo fi páànù bo orí rẹ̀, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu kí afẹ́fẹ́ lè máa gba àárín rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá fi tapólì wé igi rẹ̀ yíká, ó ń mú u rà ni. Mo ṣe é lọ́dún kìíní, olú hù sí i.

Lẹ́yìn náà ni lílà. Igi tó nípọn bí itan máa ń rú èéfín fún ìgbà pípẹ́ kó tó ràn. Èyí tí mo ń lò kì í ju ọrùn ọwọ́ mi lọ. Àwọn bàbá wa ní igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú; ìwà ènìyàn ni wọ́n ń bá wí, ṣùgbọ́n ẹnu ààrò ni wọ́n ti rí i. Igi tó wọ́ kì í jẹ́ kí àwọn yòókù sùn jẹ́ẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ẹnu igi pàdé. Igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹnu wọn pàdé lábẹ́ ìkòkò, tí àyè wà láàárín wọn, á mú ooru ju mẹ́wàá tí a kì mọ́ ara wọn lọ. Èyí ni àwọn ọmọ iṣẹ́ kì í fẹ́ gbà. Bí iná bá ti lọ sílẹ̀ díẹ̀, igi ni wọ́n á tún gbé, nígbà tó jẹ́ pé eérú tó dí ẹnu ààrò ló yẹ kí wọ́n gbọ́n kúrò.

Àpáta ló kọ́ mi ní ti atẹ́gùn. A lọ se oúnjẹ ìkómọjáde kan ní Ìkìjà, oṣù Kejìlá, ọyẹ́ sì mú gan-an. Orí ilẹ̀ gbalasa kan ni wọ́n ní ká to àdògán sí, nítorí pé ibẹ̀ fẹ̀. Atẹ́gùn ń fẹ́ ọwọ́ iná sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ balẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń fi ìgbálẹ̀ gbá a. Ẹ̀gbẹ́ kan ìkòkò ti ń jó, ẹ̀gbẹ́ kejì ò tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Igi tó yẹ kó kù títí di ọ̀sán ti fẹ́ tán láago mẹ́sàn-án. Bàbá àgbà kan nínú ilé náà jókòó lórí àga, wọ́n ń wò wá. Nígbà tó sú wọn, wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ìyáàfin, ẹ gbé e lọ sẹ́yìn àpáta yẹn. Níbẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń dáná." Àpáta kan wà lóòótọ́, ó ga bí ilé, ẹ̀yìn rẹ̀ pa rọ́rọ́. A gbé àdògán méjì lọ síbẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, ọwọ́ iná dúró ṣánṣán, ó gbá ìdí ìkòkò mú, omi bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Igi kan náà ni, alásè kan náà ni. Abájọ tó fi jẹ́ pé abẹ́ Olúmọ ni àwọn Ẹ̀gbá sá sí nígbà tí wọ́n dé síbí ní 1830. Àpáta tó bo ènìyàn á bo iná pẹ̀lú.

Ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún níbẹ̀ ni pé kí ẹ má dá iná lé àpáta lórí tààrà, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ iná máa lá a. Ooru máa ń mú kí ojú àpáta hó bí èèpo, ó sì lè ta sí ènìyàn lójú. A bu iyẹ̀pẹ̀ tẹ́ ilẹ̀ kó nípọn dáadáa kí a tó to àdògán. Bẹ́ẹ̀ náà ni òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó látinú odò: omi tó wà nínú rẹ̀ lè mú kó bẹ́ bí iná bá mú un.

Níbi tí kò bá sí àpáta, páànù mẹ́ta tí mo ń kó sẹ́yìn ọkọ̀ ni mo ń fi yí àdògán ká, mo sì ń fi ẹnu sílẹ̀ níbi tí igi àti afẹ́fẹ́ á gbà wọlé. Ààrò olókùúta mẹ́ta tó wà ní gbangba, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ooru igi ló ń wọnú ìkòkò, tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyókù, ojú ọ̀run là ń yá a fún.

Fún ọbẹ̀ àti àwọn ìkòkò tí kò tóbi, mo ní àdògán kan tí wẹ́dà kan ní Pánṣẹ́kẹ́ bá mi jó. Ará Amẹ́ríkà kan, Larry Winiarski, ló gbé irú rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sì ti ń lò ó. Ẹ wo páìpù irin tó tẹ̀ bí ìgbọ̀nwọ́: ẹnu kan wà nísàlẹ̀ tí igi ń gbà wọlé, ọrùn rẹ̀ lọ sókè tààrà sí ìdí ìkòkò. Irin pẹlẹbẹ kan pín ẹnu ìsàlẹ̀ sí méjì, igi sùn lórí rẹ̀, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Agolo ńlá yí páìpù yẹn ká, eérú la sì rọ kún àárín wọn, nítorí pé eérú kì í jẹ́ kí ooru sá. Nínú ọrùn yẹn, ooru máa ń pọ̀ débi pé èéfín fúnra rẹ̀ á gbiná kó tó jáde. Ẹnu igi nìkan ló ń jó. Bó ṣe ń jó ni ẹ óò máa tì í wọlé. Igi tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́, ẹ̀ka tí a ṣà nílẹ̀, pátákó agbọ̀n tòmátì, gbogbo rẹ̀ ló gbà. Kò lè gbé ìkòkò ìrẹsì òde, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ọbẹ̀ ata àádọ́ta ènìyàn, ó ń sè é.

Ọmọrí ìkòkò kéré lójú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Mo wọn ẹ̀wà wò nílé, kóńgò mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ̀wà olóyin kan náà. Ti àkọ́kọ́, mi ò rẹ ẹ́, mi ò dé e, mo sè é ní gbangba. Igi 19 ló jẹ. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo dé e pa, mo fi páànù yí i ká. Igi 8 ni, ó sì rọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo wá tún dán ẹlẹ́ẹ̀kẹta wò: mo jẹ́ kó hó dáadáa fún ogún ìṣẹ́jú, mo sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀, mo gbé e sínú apẹ̀rẹ̀ ńlá tí mo ti fi àkísà àti koríko gbígbẹ tẹ́, mo sì fi àkísà bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méjì, ẹ̀wà ti jinná láìsí igi lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹ má kàn gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí á fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, torí oúnjẹ tó bá pẹ́ ní lọ́wọ́ọ́wọ́ á bàjẹ́. Kúlà tí gbogbo wa ń gbé lọ sóde, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Bí ìrẹsì bá ku díẹ̀ kó jinná, mo ń bù ú sí kúlà, mo pa á dé, ó ń parí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Ìrẹsì ọ̀hún náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé fi ọ̀rá bò ó nínú ìkòkò. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá wa. Ọ̀rá tí ooru mú rọ̀ sórí oúnjẹ kì í ṣe ohun tó yẹ kí ènìyàn jẹ. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a fi iná ràn díẹ̀ kó lè rọ̀ á dé e pa, á sì fún un ní òórùn tí ọ̀rá ò lè fún un. Ìrẹsì ọ̀fadà, ewé eéran ni mo ń fi di í fún àlejò, láti ìgbà tí mo ti pa tékàwé fóòmù tì. Ìpínlẹ̀ Èkó ti kéde lóṣù Kìíní 2024 pé òun fòfin de fóòmù yẹn. Èmi ò dúró de ẹnikẹ́ni kí n tó pa á tì. Ọjọ́ kejì òde, mo máa ń rí i tó léfòó lójú gọ́tà tó ń lọ sódò Sókorí, òmíràn ṣì ní ọbẹ̀ mi nínú. Ewé, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́ tàbí kó jẹrà.

Àwọn kan á ní èédú ló dára jù torí kì í rú èéfín. N kò bá wọn ṣe. Èéfín èédú ti rú tán níbi tí wọ́n ti sun ún, kò kàn ṣojú wa ni. Bí wọ́n ṣe ń sun ún lábẹ́ iyẹ̀pẹ̀ nílẹ̀ wa, igi kílò mẹ́fà títí dé mẹ́wàá ló ń di èédú kílò kan, àwọn igi líle bí ayín, tí kì í tètè dàgbà, ni wọ́n sì máa ń wá. Mo ń lo díẹ̀ fún ẹran sísun, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹnikẹ́ni má sì torí òjò gbé àdògán èédú wọ yàrá tàbí ṣọ́ọ̀bù tí a tì pa. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, ènìyàn á kàn sùn lọ ni, kò ní jí.

Èésan tó kù níbi tí wọ́n ti ń pa èkùrọ́ mú ooru dáadáa bí igi bá ti kọ́kọ́ ràn. Ìhá ọ̀pẹ ni mo fi ń dá iná báyìí, ó ti lé kẹrosíìnì kúrò lọ́dọ̀ mi. Pákó tí wọ́n ti kùn lọ́dà tàbí tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa, kò gbọdọ̀ dé ibi oúnjẹ. Bí gáàsì bá sì wà ní àrọ́wọ́tó yín, ẹ lò ó; àmàlà òwúrọ̀ àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, gáàsì la fi ń rò ó.

Eérú ló kù. Iná kú, ó feérú bojú, wọ́n ní. Tẹ́lẹ̀, gọ́tà là ń da tiwa sí. Nísinsìnyí, bí ó bá ti tutù tán, a ń sẹ́ ẹ, a ń rọ ọ́ sínú àpò, mo sì ń gbé e lọ fún ìyá aláró kan ní Ìtòkú. Omi tí wọ́n sẹ́ lára eérú ni wọ́n fi ń mú kí ẹ̀lú yọ aró kó tó mú aṣọ àdìrẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé àpò lọ, ìyá náà bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n fi àtàǹpàkò pa á lórí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n gbé e sún mọ́ imú. Ojú wọn yí padà. Wọ́n da á padà sínú àpò, wọ́n gbọn ọwọ́ nù.

"Ọmọ mi, ọ̀rá wà nínú èyí."

Mo ní rárá, Màmá, igi nìkan ni. Wọ́n ní kí n lọ bi àwọn ọmọ mi. Nígbà tí mo délé tí mo bi wọ́n, ọ̀kan jẹ́wọ́ pé ọ̀rá omi méjì péré lòun fi dá iná níbẹ̀rẹ̀, torí pé òun ò rí ìhá. Mo gbé àpò náà padà, mo sì ń dúró ti ẹnu ààrò fúnra mi láti òde tó tẹ̀ lé e. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni mo tó gbé òmíràn lọ sí Ìtòkú. Ìyá náà bu ẹ̀kúnwọ́, wọ́n pa á, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì nawọ́ sí kọ̀rọ̀ tí ìkòkò aró wà: "Gbé e síbẹ̀ yẹn."